Afárá Ẹ̀yìn Ulé

Èyí tí mo kọ́kọ́ yà, irin búlúù ni,
àtẹ̀gùn mẹ́rìndínláàádọ́ta níhìn-ín, mẹ́rìndínláàádọ́ta lọ́hùn-ún.
Mo wò ó lójú kọ̀ǹpútà, inú mi dùn
bí ẹni tó rán agbádá fún ẹni tí kò pàdé rí.
Mo ká a, mo fi há abíyá, mo wọkọ̀ Iléṣà.

Màmá Ọlọ́nìíṣàkin wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
nínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi owó òṣómàáló kọ́.
1938 ṣì wà lára sìmẹ́ǹtì lókè ẹnu ọ̀nà,
kìnnìún méjì jókòó tì í, ọ̀kan ò nímú mọ́.
"Ulé," bẹ́ẹ̀ ló ń pè é, bí àwọn tó kọ́ ọ ti ń pè é.
Ó wo bébà mi. Ó wò ó pẹ́.
"Ẹsẹ̀ ta ni o wọ̀n kí o tó ṣe èyí?"
Mi ò fèsì.
Ó ká ìró sókè, ó fi orúnkún hàn mí,
ó wú bí búrẹ́dì tó mu omi.
"Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Kà á sí i létí, kó gbọ́."

Mo sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì fọ́gánáísà
láti aago méje títí oòrùn fi rọ̀,
mo ń wo àwọn tó ń sá fún mọ́tò:
ọmọ iléèwé tó di bàtà mú lọ́wọ́,
Fáṣùyì káfíńtà, pákó gígùn léjìká,
tó ń yí bí ọwọ́ aago bí ẹnikẹ́ni bá pè é.
Kò sẹ́ni tó gba ibi tí mo fi afárá sí.
Ẹ̀yìn ilé Màmá ni wọ́n ń yà sí,
níbi tí katakata ti la òkè sí méjì lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe títì,
tí ilẹ̀ pupa dúró lọ́tùn-ún lósì bí ojú ọgbẹ́ tí a ò rán.
Wọ́n ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń rá gòkè.
Ẹsẹ̀ ti fa ìlà síbẹ̀ kí n tó ra pẹ́ńsù.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Òkè yẹn ti na ọwọ́ méjèèjì láti ọjọ́ yìí,
ó ku ẹni tí yóò tẹ́ ẹní lé e.
Àtẹ̀gùn kankan ò sí níbẹ̀.
Láti bèbè dé bèbè, ìṣísẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
bí ẹni ń ti yàrá bọ́ sí pálọ̀.

Mo pa búlúù rẹ́.
Mo wo òrùlé àdúgbò, páànù tó ti dípẹtà,
mo wo eruku tó ń kun gbogbo nǹkan láìgbowó,
mo mú àwọ̀ yẹn.
Fáṣùyì bá mi wọn igi bákónì Màmá:
ihò róbótó mẹ́ta, ìlà kan, ihò róbótó mẹ́ta.
"Bàbá tó bí bàbá mi ló gbẹ́ ẹ," ó ní,
"mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wò ó."

Mo tún gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Màmá wò ó, ó mi orí.
"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ibo la ó dúró sí kí ara wa?
Bí mo bá pàdé ìyàwó Lọ́jẹ̀ẹ́dé láàárín,
tí mi ò tíì béèrè ọmọ,
tí mi ò tíì béèrè ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ tó ń dùn ún,
ṣé kí ẹni tó ń bọ̀ máa fi agbọ̀n gún mi nídìí ni?"

Ìwé tí mo kà ní yunifásítì ní mítà méjì tó.
Ìwé náà ò mọ bí ìkíni ṣe ń gùn tó ní Iléṣà.
Mo fẹ àárín rẹ̀, bí ikùn ejò tó gbé eku mì.

Kọ́ńtírátọ̀ bínú.
Káńsù kọ orúkọ alága gàdàgbà sí i lára,
òjò ọdún kejì bó o.
Omi ń dárogún ní ìpẹ̀kun ọwọ́ òsì. Àṣìṣe mi ni,
èmi náà ni yóò tún un ṣe.

Lánàá, mo dúró síbẹ̀ lálẹ́.
Obìnrin méjì pàdé níbi tó fẹ̀,
wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n kí ara wọn
títí iná fi dé, tí iná tún lọ.
Wọn ò wo irin, wọn ò wo ihò róbótó,
wọn ò wo èmi.
Ọ̀kan kàn fẹ̀yìn tì í,
bí ẹni fẹ̀yìn ti ògiri ulé bàbá rẹ̀.